Aláìsàn Onírora àti Ìdánwò Oògùn ní Ilẹ̀ Yorùbá

Odò Erinlẹ̀ gba ẹ̀bá Ìlobùú kọjá kí ó tó lọ pàdé Ọ̀ṣun ní agbègbè Ẹdẹ. Àwọn ará Ìlobùú kò ka Erinlẹ̀ sí omi lásán. Ọdẹ ni wọ́n ní ó jẹ́ nígbà ayé rẹ̀, ọdẹ tí ó mọ ewé tí ó sì mọ egbò. Nígbà tí ó di òrìṣà, ìmọ̀ náà kò fi í sílẹ̀. Nígbà tí òwò ẹrú kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé Kúbà, oníṣègùn ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, Inle ni wọ́n sì ń kọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Bí ènìyàn bá kúrò ní Ìlobùú, kò ní í rìn jìnnà kí ó tó dé Ifọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, aláṣọ funfun, ẹni tí abuké, arọ àti àfín jẹ́ tirẹ̀. Ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsílì, bí òrìṣà yìí bá gun elégùn rẹ̀, ẹ̀yìn ẹni náà a tẹ̀, a sì máa fi ọ̀pá tilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí gbogbo oríkèé ara ń ro. Ìlú méjèèjì ti ń jà sí ààlà ilẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò sì tún jẹ yọ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti aláìsàn tí ìrora kò fi sílẹ̀, ìmọ̀ kan náà ni ó wà ní apá méjèèjì, pé ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni ìtanù, òrìṣà ni ó ni ín.

Ohun tí àwọn oníṣègùn ìgbàlódé ń wá lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ gidigidi. Bí oògùn tuntun kan bá jáde tí wọ́n ní ó lè mú ìrora rọlẹ̀, kò sí ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ bóyá òtítọ́ ni ju pé kí àwọn tí ìrora náà ń bá jà lò ó, kí wọ́n lò ó pẹ́, kí àwọn kan nínú wọn má tilẹ̀ lò ó rárá, kí wọ́n sì fi ìpín méjèèjì wé ara wọn. Rírí àwọn ènìyàn tí yóò gbà bẹ́ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan. Mímú wọn dúró títí iṣẹ́ náà yóò fi parí jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, èkejì sì máa ń le ju èkíní lọ. Ìtàn bí iṣẹ́ méjèèjì ti rìn ní ilẹ̀ yìí kò tíì gùn, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ púpọ̀ nínú, apá kan rẹ̀ sì korò.

Ní ayé àtijọ́, aláìsàn tí àrùn rẹ̀ pẹ́ lára a máa lọ gbé ní ilé oníṣègùn. Ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ kan a bá a lọ, a máa dáná fún un, a máa pọn omi tí ó fi ń wẹ̀. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń san ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ di ọjọ́ tí ara bá yá. Nítorí náà, ìdúró aláìsàn kì í ṣe ìṣòro: ilé ni ó wà, ará ilé rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, oníṣègùn fúnra rẹ̀ kò sì ní í gba owó rẹ̀ pé bí ó bá jẹ́ kí ó lọ láìsàn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arọ̀, Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, tí ó ní kí aláìsàn ọpọlọ wá gbé ní àwọn abúlé àyíká pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, ọgbọ́n àtijọ́ yìí ni ó mú lò, gbogbo ayé sì wá wò ó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí oníṣègùn ilé kò sọ rí fún ẹni tí ó wá bá a. Kò sọ fún un pé gègé ni òun yóò ṣẹ́ láti mọ̀ bóyá òun yóò fún un ní oògùn gidi tàbí ìyẹ̀fun òfìfo tí kò ní agbára kankan nínú, àti pé òun fúnra òun kò ní í mọ èyí tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Gbólóhùn yìí gan-an ni oníṣègùn ìgbàlódé ní láti sọ, kí ó sọ ọ́ ní gbangba, kí aláìsàn sì gbọ́ ọ yé kí ó tó fi ọwọ́ sí ìwé. Ẹni tí eegun rẹ̀ ń ro lọ́wọ́ kò lè ṣàìbéèrè pé: bí o bá ní oògùn lọ́wọ́, kí ni ó dé tí o fi fẹ́ fún mi ní òfìfo?

Láàárín gbogbo ìrora tí ó ń pẹ́ lára ní ilẹ̀ Yorùbá, àrùn ẹ̀jẹ̀ kan ni ó ga jù nínú ìtàn yìí. Fòníkú-fọ̀ladìde ni Yorùbá ń pè é, nítorí pé ẹni tí ó ní in lè wó lulẹ̀ lónìí bí ẹni tí yóò kú, kí ó sì tún dìde lọ́la lọ sí ọjà. Àwọn mìíràn ń pè é ní arọ́mọléegun, nítorí inú eegun ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ wọ̀nyí ti wà kí òyìnbó tó mọ àrùn náà. Ọdún 1910 ni James Herrick ní ìlú Chicago kọ́kọ́ kọ ìwé nípa rẹ̀, lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada. Ọdún 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun tí ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa ni kò rí bí ó ti yẹ, tí ẹyin ẹ̀jẹ̀ fi ń tẹ̀ bí dòjé tí ó sì ń dí ọ̀nà inú iṣan. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ méje àbọ̀, èyíinì ni 150,000, ni àwọn ọmọ tí wọ́n ń ṣírò pé a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó tó o. Ẹni tí ó bá ń wá àwọn tí yóò dán oògùn fòníkú-fọ̀ladìde wò kò ní ibi tí ó dára ju ilẹ̀ yìí lọ láti wá. Síbẹ̀, fún ọdún púpọ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń dán an wò.

Àwọn oògùn tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn jẹ́ ti ilé. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ oògùn ní Yunifásítì Ifẹ̀, El-Said, Fadulu, Kuye àti Ṣófowórà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn orin tí Yorùbá fi ń rin ẹnu. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá orin lè pa kòkòrò ẹnu. Nínú iṣẹ́ náà ni wọ́n ti ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ tí omi orin àtà bá kàn kì í tètè ṣá. Pupa rẹ̀ a máa pẹ́. Ohun tí ẹlòmíràn ìbá gbójú fò ni èyí. Ní ọdún kan náà, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti Isaacs kọ̀wé pé omi gbòǹgbò igi náà ń dá ẹyin ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí nínú ìgò. Ní ọdún 1975, àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún aláìsàn lò jáde. Igi tí gbogbo ọmọ Ìlobùú àti Ifọ́n ti jẹ lẹ́nu láti kékeré ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Kò ṣòro láti rí ìdí tí aláìsàn kò fi ní í bẹ̀rù irú oògùn bẹ́ẹ̀: ohun tí bàbá rẹ̀ ń rin lójoojúmọ́ kò lè ṣe àjèjì sí i. Ṣùgbọ́n ohun kan náà yìí ni ó sọ ìdánwò rẹ̀ di iṣẹ́ ńlá. Ta ni yóò gbà pé òun wà nínú ìpín tí kò gbọdọ̀ fi orin àtà kan ẹnu fún oṣù mẹ́fà, nígbà tí àwọn tí ń ta orin wà ní gbogbo ọjà?

Oògùn kejì ni ó lọ jìnnà jù. Àlùfáà kan láti Ọ̀yọ́, Paul Ogúnyalé, ni ó ní àgbo kan tí ìdílé rẹ̀ fi ń wo àrùn yìí. Èso ìyèré wà nínú rẹ̀, igi osùn wà níbẹ̀, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà sì wà pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó gbé e fún ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, NIPRD, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ń darí, lábẹ́ àdéhùn tí ó sọ ohun tí yóò jẹ́ ti olúwarẹ̀. Àdéhùn yìí tọ́ sí ìyìn, nítorí pé àìmọye ewé ilẹ̀ yìí ni ó ti kọjá sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìsí ẹni tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó fi í hàn. Niprisan ni wọ́n sọ oògùn náà. Aláìsàn 82 ni ó wà nínú ìdánwò rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001. Gègé ni wọ́n ṣẹ́. Aláìsàn kò mọ ohun tí ó ń lò, oníṣègùn kò sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà nínú ètò náà tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ wò. Ọdún kan ni ìdánwò náà gbà, wọ́n sì pín in sí méjì: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ lo òfìfo yóò lo oògùn nígbà tí ó bá yá, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ lo oògùn yóò yí sí òfìfo. Nítorí náà kò sí ẹnikẹ́ni tí ó wọ inú rẹ̀ tí kò ní í fi ẹnu kan oògùn gidi. Ìbéèrè tí onírora kò lè ṣàìbéèrè ti ní ìdáhùn: ìwọ náà yóò lò ó, ìgbà ni yóò sọ. Àbájáde rẹ̀ ni pé ìrora líle dínkù fún àwọn tí ń lò ó. Àwọn tí ó tún gbogbo ìwádìí náà yẹ̀ wò lẹ́yìn náà gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi kún un pé ìdánwò kan ṣoṣo kò tó, ó yẹ kí wọ́n tún ṣe òmíràn.

Òmíràn náà kò rọrùn láti rí. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba àṣẹ láti ṣe é. Wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ di Nicosan, wọ́n sì fi í lọ́lẹ̀ ní Àbújá ní ọdún 2006. Ní ọdún 2008, ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè tí kò lè jáde nínú rẹ̀, ó sì lọ sí ilé ẹjọ́. Àwọn aláìsàn tí ó ti gbọ́ràn, tí wọ́n ti dúró fún odidi ọdún kan, tí ara wọn sì ti mọ oògùn náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá a káàkiri láìrí i rà.

Kí ènìyàn má ṣe rò pé ilẹ̀ yìí nìkan ni mímú onírora dúró ti ṣòro. Ní ọdún 1995, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà àti Kánádà parí ìdánwò hydroxyurea lórí àgbàlagbà 299 ní ilé ìwòsàn 21. Ó dín ìrora kù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, wọ́n sì tètè dáwọ́ ìdánwò dúró nítorí pé kò tọ́ kí wọ́n máa fi òfìfo fún àwọn tí ó kù. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò glutamine tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, ènìyàn 230 ni ó wọlé, 156 péré ni ó parí rẹ̀. Nínú ẹni mẹ́ta, ẹnì kan ti lọ. Èyí rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí mọ́tò pọ̀ sí, tí tẹlifóònù wà ní gbogbo ilé.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ìrora fúnra rẹ̀. Àrùn tí ó ń pani lọ́nà kan ṣoṣo, tí kò dẹwọ́, a máa so aláìsàn mọ́ oníṣègùn. Fòníkú-fọ̀ladìde a máa lọ, a sì máa bọ̀. Ní ọjọ́ tí ara bá yá, ọmọ náà fẹ́ lọ sí ilé ìwé, ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ sí ọjà, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ jókòó ní ilé ìwòsàn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìrora bá dé, kò lè rìn débẹ̀. Ọjọ́ méjèèjì kò dára fún oníwàádìí. Àwọn ohun mìíràn tún wà tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá ní pàtàkì: ìtìjú pé bí àdúgbò bá rí ọmọ ní ilé ìwòsàn náà léraléra, yóò ṣòro fún un láti rí ẹni fẹ́, ìbẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà lọ, tí kò sẹ́ni tí ó mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, àti àgbo tí ìyá àgbà kò ní í ṣàìfún ọmọ mu lábẹ́lẹ̀, oògùn òyìnbó tàbí òfìfo ìbáà wà níbẹ̀. Ìyá àgbà kò ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó má fún un ni kí ó kọ́kọ́ lọ bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé òun gan-an ni olórí ilé, kì í ṣe ẹni tí ó fi ọwọ́ sí ìwé.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀, ó sì tó ohun tí a ń dúró tì. Yorùbá kì í fi orúkọ kan pe ìrora. Orí a máa fọ́ ni, inú a máa run ni, ẹ̀yìn a máa dùn ni, eegun a máa ro ni, ojú a máa ta ni, ìhà a máa gún ni, iṣan a máa fà ni, egbò a máa jẹ ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀ nínú ara, ẹni tí ó bá sì sọ pé eyín ń fọ́ òun nígbà tí ó ń ro ó, àwọn ọmọdé yóò rẹ́rìn-ín. Oníwàádìí dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó ní kí aláìsàn fi nọ́ńbà kan láti òdo dé mẹ́wàá sọ bí ìrora rẹ̀ ti tó. Mẹ́jọ: mẹ́jọ kí ni? Ríro tàbí gígún? Lẹ́yìn èyí, àṣà ìkíni wà. Bí wọ́n bá bi àgbàlagbà ní Ifọ́n léèrè bí ara ti rí, “A dúpẹ́” ni yóò kọ́kọ́ sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sùn mọ́jú. Kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ gbé àìsàn ró, kò sì fẹ́ kí dókítà tí ó ti ṣe wàhálà lórí rẹ̀ rò pé ó ya aláìmoore. Bí oníwàádìí bá kọ “ó ti sàn” sílẹ̀ nítorí gbólóhùn yìí, irọ́ ni ó kọ, ẹnikẹ́ni kò sì pa á fún un.

Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn rí èyí. Ní ọdún 2007, Akinpelu, Odole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ òṣùwọ̀n kan jáde fún àwọn tí orúnkún tàbí ìbàdí ń ro, èyí tí wọ́n fi orúkọ ìlú Ìbàdàn pè, tí ó sì wo ìṣe àwọn ènìyàn ibẹ̀ dípò ti òkè òkun. Ohun kékeré kọ́. Òṣùwọ̀n tí kò bá mọ̀ pé obìnrin Yorùbá ní láti kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, tí ọkùnrin sì ní láti dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, kò lè mọ ohun tí orúnkún ríro gbà lọ́wọ́ ẹni. Kò dín ìrìn rẹ̀ kù nìkan. Ó sọ ọ́ di aláìmọ̀wàáhù lójú ẹni tí kò mọ ìdí. Odole àti Ojo tún ṣe ohun kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Àádọ́ta ènìyàn tí orúnkún ń ro ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì fi gègé pín wọn sí méjì. Ìpín kan ń wá sí ilé ìwòsàn ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún eré ìdárayá. Ìpín kejì wà ní ilé wọn, wọ́n ń ṣe eré ìdárayá kan náà, wọ́n sì ń pè wọ́n lórí tẹlifóònù ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìrora dínkù nínú ìpín méjèèjì. Ìtumọ̀ èyí fún ẹni tí ó ń gbé ibi tí ó jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá tóbi ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ: ẹsẹ̀ tí ń ro kò ní láti rìn kí wọ́n tó lè wo ẹsẹ̀ tí ń ro.

Ṣùgbọ́n ìdúró aláìsàn nínú ìdánwò kì í ṣe ẹ̀rí pé ìdánwò náà dára. Ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò tí ó mú àwọn ènìyàn dúró pẹ́ nínú ìtàn ìṣègùn Amẹ́ríkà ni ti Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama, láti ọdún 1932 dé 1972. Àwọn ọkùnrin dúdú 399 tí ó ní àrùn rẹ́kórẹ́kó ni wọ́n ń wò láìtọ́jú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn pẹnisilíìnì ti dé tí ó sì ń wò ó sàn. Báwo ni wọ́n ṣe mú wọn dúró fún ogójì ọdún? Nọ́ọ̀sì obìnrin dúdú kan, Eunice Rivers, ni ó mọ gbogbo wọn ní orúkọ, ó mọ ìyàwó wọn, ó mọ ọmọ wọn. Ó ń fi mọ́tò gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ gbígbóná, wọ́n sì ṣèlérí owó ìsìnkú fún ẹbí wọn. Owó ìsìnkú! Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé ẹni tí ó dá ètò náà mọ ibi tí ọkàn tálákà wà. Gbogbo ohun tí àwọn ìwé ń kọ́ oníwàádìí lónìí pé kí ó ṣe kí aláìsàn má bàa sá lọ ni Eunice Rivers ti ṣe, ó sì ṣe é tinútinú: ọkọ̀, oúnjẹ, ojú tí wọ́n mọ̀, ohùn tí wọ́n fẹ́ràn. Irọ́ nìkan ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún 1997 ni Ààrẹ Clinton tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí ó kù láyé.

Ti Nàìjíríà kò pẹ́ rárá ní tirẹ̀. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára ọmọ ọgọ́rùn-ún, ó sì fi oògùn mìíràn fún ọgọ́rùn-ún. Mọ́kànlá nínú wọn kú, márùn-ún nínú ìpín Trovan, mẹ́fà nínú ìpín kejì. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà pẹ́ títí di ọdún 2009, nígbà tí wọ́n fi àdéhùn mílíọ̀nù márùndínlọ́gọ́rin dọ́là parí èyí tí ìpínlẹ̀ Kano pè. Kí ó tó di ìgbà náà, ìfura ti tàn kálẹ̀. Ó wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn Kano kọ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní ọdún 2003 sí 2004. Ní ọdún 2007 ni Nàìjíríà ṣe ìwé òfin ìwà ìwádìí ìlera, tí òfin ìlera ti ọdún 2014 sì fi ìyọ̀ǹda olùkópa sínú òfin ilẹ̀. Láti ìgbà náà, ìwé ìyọ̀ǹda gùn. Nígbà mìíràn ó gùn débi pé ìgbìmọ̀ tí ó fọwọ́ sí i nìkan ni ó kà á tán.

Ní Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun lónìí, Òṣogbo ni aláìsàn tí ó bá nílò ilé ìwòsàn ńlá ń lọ, ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà. Ọ̀nà náà kò jìn. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n ni ti Orolú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrẹ́pọ̀ tí orúkọ yẹn ń sọ ti ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Ní ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde kónílé-ó-gbélé. Àwọn tí ń ṣètò ìdánwò oògùn kì í fi irú ohun báyìí sínú ìwé wọn. Wọ́n a ṣírò owó ọkọ̀, wọ́n a ṣírò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà, wọ́n a ṣírò iye ẹni tí ó lè sá lọ. Wọn kì í ṣírò ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde. Ẹni tí ìwé ìwádìí bá kọ sí abẹ́ “kò padà wá” lè jẹ́ ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ tí ó ń wo títì tí kò sí ọkọ̀ lórí rẹ̀.

Oògùn tí ó kẹ́yìn nínú ìtàn yìí ni voxelotor. Ọdún 2019 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i fún àwọn tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i lára. Kò sí ẹni tí ó tíì fi hàn pé ó ń mú ìrora kúrò. Ní ọdún 2022, Pfizer, ilé iṣẹ́ kan náà tí ọ̀rọ̀ Kano kàn, ra ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Nígbà yìí, wọ́n kò fi ilẹ̀ Áfíríkà sẹ́yìn mọ́. Ìdánwò kan kó ọmọdé 236 jọ láti Íjíbítì, Gánà, Kẹ́ńyà, Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Èkejì kó aláìsàn 88 jọ láti Bùràsílì, Kẹ́ńyà àti Nàìjíríà, àwọn tí àrùn náà ti dá egbò sí lẹ́sẹ̀. Egbò ẹsẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ó ń jẹ ni tọ̀sántòru, ó ń rùn, ó sì ń lé ọ̀rẹ́ sẹ́yìn. Àwọn tí ó gbà láti wá kò wá ṣeré. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́jọ kú nínú àwọn tí ń lo oògùn, méjì nínú àwọn tí ń lo òfìfo. Ibà àti àkóràn wà lára ohun tí wọ́n rí. Nínú èkejì, ẹni mẹ́jọ kú. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àjọ tí ń ṣe àbójútó oògùn ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ní oṣù Kẹsàn-án, Pfizer kó oògùn náà kúrò ní gbogbo ọjà àgbáyé, ó sì dá gbogbo ìdánwò tí ó ń lọ lọ́wọ́ lórí rẹ̀ dúró. Nítorí pé àwọn aláìsàn dúró, tí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n kà wọ́n títí dé òpin, ni ó fi ṣeé ṣe láti rí iye àwọn tí ó kú. Àwọn tí egbò wà lẹ́sẹ̀ wọn padà sí owú, omi iyọ̀ àti báńdéèjì tí wọ́n ti ń lò kí ìdánwò tó dé.